Sàlẹ́ńsà Tuntun àti Etí Bàbá

Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni fún ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò sí nínú òwe yẹn. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì lè má gbọ́ yìnkìn, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí omi inú àmù, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì máa run lábẹ́lẹ̀ bí igi tí ikán wọ̀.

Aláwòfín mọ èyí ju gbogbo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje lórí iyanrìn àti òkè. Bàbá ló sọ ọ́ ní Aláwòfín, nígbà tó rí i pé ojú ọmọbìnrin náà ń rí nọ́ọ̀tì tó ti tú kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án. Bàbá fúnra rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ọ̀gá Àgbà, etí ni òun fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti jẹ́ pé, bí wọ́n bá pààrọ̀ sàlẹ́ńsà ẹ̀rọ kan, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yóò gbé etí ọ̀tún sí ibi tí èéfín ti ń jáde, yóò dijú, yóò sì sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́, bí abiyamọ ṣe ń mọ̀ bóyá ebi ló ń pa ọmọ òun àbí inú ló ń run ún. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí etí yẹn. Kò sì fi nǹkan kan bò ó rí. Ṣé ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò á fi aṣọ di ẹnu ni?

Ohun tí ariwo bá ń jẹ kì í ké. Díẹ̀díẹ̀ ni ó jẹ etí Bàbá. Nínú ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pè é kó tó dáhùn, rédíò rẹ̀ sì ń jí àwọn aládùúgbò lójú oorun ọ̀sán. Gbogbo ilé ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ìyá kàn máa ń rọra yí ohùn rédíò sílẹ̀ bó bá ti sùn lọ sórí àga.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni sàlẹ́ńsà tuntun dé fún ẹ̀rọ Eruku. Eruku ni àbúrò Aláwòfín ọkùnrin, asáré-ìje ni. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé eruku ni ohun kan ṣoṣo tí àwọn tó ń bá a díje ń rí níwájú wọn. Ìje ńlá di ọ̀túnla. Sàlẹ́ńsà náà fúyẹ́ bíi páálí, ó ń dán bíi dígí, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Wọ́n tún ṣí ìdérí àpótí fílítà kúrò, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé fàlàlà.

Onítáyà, aládùúgbò wọn tó ń tún táyà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, yọjú wọlé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ̀rọ lẹ fẹ́ so èyí mọ́ ni àbí fèrè lẹ fẹ́ fọn?"

"Ẹ gbà á kẹ́ ẹ fọn ọ́n wò," Eruku dá a lóhùn, "kí eyín tó kù lẹ́nu yín lè bọ́."

"Eyín tèmi pé! Ìwọ ni kó o ka tìrẹ dáadáa kó o tó lọ sí ìje, kó o lè mọ iye tó o gbé lọ."

Ọ̀gá Àgbà kò dá sí wọn. Ó ti tú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, sílẹ̀, ó ń wá jẹ́ẹ̀tì tí yóò bá sàlẹ́ńsà tuntun mu. Jẹ́ẹ̀tì ni idẹ kékeré tí ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, tí bẹntiróòlù ń gbà kọjá. Ẹ́ńjìnnì tí ọ̀fun rẹ̀ ti là yóò máa mí sí i; ẹni tó bá sì ń mí sí i yóò jẹun sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tí epo kò pọ̀, iná inú ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá àlà, orí písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, á sì yọ́ bí òrí. Ìyà ibẹ̀ wá ni pé ẹ́ńjìnnì tí epo kò tó a máa yá, a sì máa dùn létí, kó tó kú.

Bàbá mú jẹ́ẹ̀tì kan tó fi díẹ̀ tóbi ju ti àtijọ́ lọ. Ó dè é, ó tan ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn sàlẹ́ńsà, ó dijú. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí kì í:

"Arìnnà-má-rẹ̀ẹ́, ọmọ irin tí ń jẹ eruku bí ẹni lá iyọ̀!
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kì í ṣe ẹran,
o mu epo, o ò bèèrè koríko.
O gun òkè bí ewúrẹ́, o sọ̀ kalẹ̀ bí òjò.
Bú, kí àwọn tó sùn ó jí,
kí àwọn tó jí ó má lè sùn mọ́!"

Eruku fún ẹ̀rọ níná. Ilé mì tìtì. Nínú ariwo yẹn ni Aláwòfín ti gbọ́ nǹkan kan tó tín-ín-rín, bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta bá ń mì nínú agolo. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá!" Ó sún mọ́ etí òsì rẹ̀. "Bàbá, ó ń ta nínú. Epo rẹ̀ kò tó."

"Kí ló ń ta? Ó ń kọrin ni!"

"Mo gbọ́ ọ bí òkúta nínú agolo."

"Ìwọ tí mo fi sípánà kọ́ ní oókan, eéjì, o ti wá gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́?" Kò bínú, ó rẹ́rìn-ín, èyí tó le ju ìbínú lọ. "Lọ fi òwú nu etí ẹ."

Onítáyà rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lẹ́sẹ̀.

Aláwòfín kò rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tó kọjá, oníbàárà kan gbé ẹ̀rọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yìí, orin kan náà ló ń kọ. Lórí eré, ẹ́ńjìnnì náà yọ́, ó há, táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi, ọkùnrin náà sì fò kọjá orí ọwọ́ ẹ̀rọ. Eegun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Bàbá ní bẹntiróòlù burúkú ló rà. Aláwòfín rí písítìnì náà, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti dà nínú rẹ̀. Wàyí o, Eruku, ọmọ ìyá rẹ̀, ni yóò jókòó lórí eléyìí, lórí òkè tí wọ́n ń sáré sọ̀ bí ẹni já bọ́ láti orí òrùlé. Ó gbàdúrà kan ṣoṣo lọ́kàn: Olúwa, fún mi ní ẹnu tí kò ní tàbùkù bàbá mi, tí kò sì ní pa àbúrò mi.

"Ó dáa, Bàbá," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká bi púlọ́ọ̀gì."

"Ìyẹn ló dáa! Púlọ́ọ̀gì kì í purọ́." Bàbá yíjú sí Eruku. "Lọ sá a lẹ́yìn ibí yìí, tẹ̀ ẹ́ débi tó bá lè dé, kó o máa bọ̀."

Púlọ́ọ̀gì ló ń ta iná nínú ẹ́ńjìnnì, àwọ̀ ẹnu rẹ̀ ló sì ń sọ bí oúnjẹ ṣe rí: bó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù, bó bá funfun, epo kò tó, bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èèpo ẹ̀pà, kí onílé máa sùn. Eruku sá ẹ̀rọ lọ sí orí ilẹ̀ gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe ń ké lọ, wọ́n sì rí i bó ṣe ń bọ̀ jẹ́jẹ́, tó ń juwọ́ sí ará ọ̀nà bí ọkọ ìyàwó. Aláwòfín tú púlọ́ọ̀gì. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Hẹ̀ẹ́!" Onítáyà pàtẹ́wọ́. "Aláwòfín, lónìí lo wò, tí kò fín!"

Bàbá gba púlọ́ọ̀gì náà, ó wò ó, ó sì fi lé e lọ́wọ́ padà jẹ́jẹ́. Ojú ti Aláwòfín débi pé, bí ó bá ṣe ẹlòmíràn ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ó ń wo púlọ́ọ̀gì, ó ń wo àbúrò rẹ̀.

"Báwo lo ṣe padà wálé?"

"Jẹ́jẹ́ ni, Àǹtí. Mo tilẹ̀ dúró kí àwọn kan."

"O ò pa ẹ́ńjìnnì níbi tí eré ti parí?"

"Kí n wá máa tì í bọ̀ nínú òòrùn? Èmi àti ta ni?"

Ọkàn Aláwòfín balẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń rìn jẹ́jẹ́, ihò mìíràn ni epo ń gbà, kì í ṣe ti jẹ́ẹ̀tì ńlá. Púlọ́ọ̀gì tó bá rin ìrìn jẹ́jẹ́ wálé ti fọ ẹnu rẹ̀ lọ́nà. Kò sí ohun tó jẹ tí ènìyàn tún lè rí. Àṣìṣe ọmọ ọjọ́ kìíní ni, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe é.

Ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ibi tí eré bá ti parí ni púlọ́ọ̀gì ti ń sọ òótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rìn débẹ̀."

"Òòrùn yìí ńkọ́?"

"Mo ti mú agboòrùn."

Onítáyà fẹ́ sọ nǹkan, Bàbá sì gbọ́wọ́ sókè sí i. Ó mú agboòrùn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Aláwòfín dá púlọ́ọ̀gì padà sínú ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Eruku máa retí àmì òun, kó sì pa ẹ̀rọ níbi tí wọ́n bá dúró sí. Òun àti Bàbá rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ náà, sípánà púlọ́ọ̀gì nínú àpò Aláwòfín, àkísà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti dé ìdajì ọ̀nà kí Bàbá tó sọ̀rọ̀.

"Mo ti fẹ́ bi ọ́ tipẹ́. Kí ló dé tó o fi máa ń rìn lápá òsì mi?"

Aláwòfín kò yà á sí ọ̀tún tàbí sí òsì. "Torí pé ibẹ̀ lẹ ti ń gbọ́ mi, Bàbá."

Agboòrùn náà tẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, ó sì tún un gbé dúró. Wọ́n rìn títí dé òpin ilẹ̀ náà, wọ́n dúró, Aláwòfín sì ju àkísà sókè fún àmì.

Eruku tẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè. Ó ń bọ̀, ó ń ké, eruku pupa dìde lẹ́yìn rẹ̀ bí ògiri. Nígbà tó dé iwájú wọn pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀rọ, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti já ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ sì yí lọ fúnra rẹ̀ títí tó fi dúró. Aláwòfín tú púlọ́ọ̀gì náà, àkísà ló fi dì í mú nítorí ó gbóná. Ó wò ó. Ó fi fún bàbá rẹ̀.

Bàbá wá dígí ojú rẹ̀ nínú àpò, ó wọ̀ ọ́. Ẹnu púlọ́ọ̀gì náà funfun bí ẹfun. Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó ń wá irin wẹ́wẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bí orí písítìnì bá ti ń yọ́. Kò sí. Wọ́n bá a nígbà tó ṣì kù díẹ̀ kó yọ́.

"Ọkùnrin ọdún tó kọjá yẹn," ó wí nígbẹ̀yìn. "Bẹntiróòlù kọ́."

"Bẹntiróòlù kọ́, Bàbá."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú tiyín."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ìdákẹ́ sin ara wa," Bàbá wí.

"Àmín," Eruku wí láti orí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ kò ní ẹ̀fẹ̀ kankan mọ́. "Èmi ni wọn ì bá sì kọ́kọ́ sin."

Bàbá wò ó, ó tún wo ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Bó bá di Ọjọ́ Ajé, màá lọ bá ọkùnrin yẹn nílé rẹ̀. Èmi fúnra mi."

Aláwòfín yan jẹ́ẹ̀tì tó fi ìwọ̀n méjì tóbi ju èyí tí Bàbá fi sí i lọ. Nígbà tí wọ́n sáré rẹ̀, púlọ́ọ̀gì dúdú díẹ̀. Ó sọ jẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀ sí èyí tó kéré tẹ̀ lé e. Kí ọ̀sán tó pọ́n, púlọ́ọ̀gì tí wọ́n tú ní òpin eré ti pọ́n bí èèpo ẹ̀pà, àkókò tí Eruku fi sá ilẹ̀ náà sì ti dín sí ti àtijọ́ dáadáa. Ohùn sàlẹ́ńsà náà wá nípọn, ó kún, bí ohùn ẹni tó jẹun yó tó ń pe ọmọ rẹ̀.

Ó wá ku ìdè kékeré tó ń darí ìmí ẹ̀rọ nígbà tó bá dúró jẹ́jẹ́. Èyí kò sí lára ohun tí púlọ́ọ̀gì lè sọ. Etí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n tan ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Onítáyà ti padà wá, ó fara ti ilẹ̀kùn, ó ń retí. Ọ̀gá Àgbà mú sípánà ìdè náà, ó sì ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sílẹ̀ kó tó dúró. Ó nàró, ó fi sípánà náà lé Aláwòfín lọ́wọ́, lójú gbogbo ènìyàn, ó sì yà kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi," ó wí, "bá mi gbọ́ ọ."