Pèrègún Lórí Ilẹ̀ Ṣóyẹmí

Frederick Ṣóyẹmí gbin pèrègún sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1985 ni, àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí Ayépé. Lọ́dún tó ṣáájú, ìjọba dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bá wọn ṣe l'Ábẹ́òkúta, òun àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, láìsí ẹ̀sùn kankan. Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Bó bá jókòó jẹun, kì í jẹ ẹ́ tán tí yóò fi dìde. Susannah, ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ni n'Íjẹ̀bú-Òde, bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi díẹ̀. Ó ní òun yóò sinmi nígbà tí òun bá rí ohun kan tí òun lè nawọ́ sí pé òun lòun ṣe é.

Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló yàn. Wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sí i lọ́dọọdún títí ó fi ṣá. Òjò ti wọ́ ojú rẹ̀ lọ, èkan nìkan ló ń hù níbẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wọn fẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì kù láàyè fún wọn: Mọ́ṣádé tí í ṣe àgbà, Frederick, àti Gilbert tó ń ṣe agbaṣẹ́ṣe l'Ékòó. Wọn kò pín ilẹ̀ náà rí. Mọ́ṣádé ni kò jẹ́ kí wọ́n pín in, torí ó mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá pín in ni Gilbert yóò ta tirẹ̀. Nígbà tí Frederick ní òun fẹ́ sin àgùntàn níbẹ̀, Mọ́ṣádé gbà fún un. Ó ní kó máa lò ó fún gbogbo wọn.

Èrò Frederick kò díjú. Bí àgùntàn bá ń jẹ koríko apá kan, apá méjì yòókù yóò máa sinmi. Ìgbẹ́ wọn yóò sì mú ilẹ̀ náà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti kọjá agbára rẹ̀, òjò kò sì ní dúró dè é. Ó gé pèrègún lẹ́yìn ilé, torí kì í kú, ó rì í ní ìlà méjì tó dábùú ilẹ̀ náà, ó fi ọparun dí àlàfo àárín wọn. Lẹ́yìn náà ló lọ ra àgùntàn n'Íjẹ̀bú-Imusin. Ó mọ ohun tí pèrègún wà fún láàrin ilẹ̀ àti ilẹ̀, bí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ti mọ̀ ọ́n. Ó kàn rò pé ẹni tó bá rí àgùntàn nínú rẹ̀ yóò pè é ní ọgbà àgùntàn.

Kí òjò ọdún kejì tó dá, koríko tútù ti bo apá òkè. Àgbàrá kò gbá ilẹ̀ lọ mọ́. Àwọn abo àgùntàn ti bímọ. Síbẹ̀ Frederick ń lọ wò wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, bí ẹni tó ń retí ìròyìn burúkú.

Mọ́ṣádé wá kí i lóko lọ́jọ́ kan. Kò wo àgùntàn. Ó tẹ̀ lé ìlà kìíní dé òpin, ó tẹ̀ lé ìkejì padà, kó tó sọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá àgbẹ̀, ta lo pè kó o tó ri èyí?”

“Mi ò pe ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú. Ọgbà àgùntàn ni.”

“Ọ̀nà mẹ́ta lo pín in sí. Ìyàwó mélòó ni bàbá rẹ fẹ́?”

Frederick ní òun yóò hú u lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì ti na ọwọ́ mú ọ̀kan.

“Fi í sílẹ̀. Gilbert ti rí i nígbà Àjíǹde, ó sì ti mú èèyàn wá wò ó. Bó o bá hú u báyìí, wọn ò ní sọ pé o tú ọgbà àgùntàn. Wọ́n á ní o hú ààlà.”

Kò pẹ́ tí Gilbert fi dé tòun ti ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Bùọ̀dá, ẹ ṣeun. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé nípa ilẹ̀ ti wá bá wa pín in.”

Frederick ṣàlàyé ọ̀rọ̀ koríko àti ìsinmi ilẹ̀ fún un. Gilbert gbọ́ ọ títí ó fi parí, ó wá bi í bóyá apá kan wà tó tóbi ju èkejì lọ. Kò sí. Frederick fúnra rẹ̀ ló wọ̀n wọ́n dọ́gba, kí oúnjẹ àgùntàn má baà dín. Ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ààlà ti wà nílẹ̀, ó sì dọ́gba; Mọ́ṣádé kò ní ohun tí yóò fi kọ̀ mọ́. Gẹ́gẹ́ bí àgbà, òun ló kọ́kọ́ mú tirẹ̀: ó mú àárín. Frederick mú ìsàlẹ̀ nítorí odò. Òkè tó wà lẹ́bàá títì ló kù fún Gilbert, òun náà ló sì ń wá.

Gilbert ta tirẹ̀. Katapílà ẹni tó rà á ha koríko ibẹ̀ dànù. Mọ́ṣádé gbin ẹ̀gẹ́ sí àárín, kí onílẹ̀ tuntun má baà yọ́ wọ ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgùntàn jẹ apá ìsàlẹ̀ dé gbòǹgbò, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọn yóò jẹ̀ kí ó lè sinmi. Nígbà tí òjò dé, omi tó ya láti òkè gba àárín ebè ẹ̀gẹ́ kọjá, ó sì la kòtò sí ìpín Frederick.

Ó kó àwọn àgùntàn padà s'Íjẹ̀bú-Imusin, ó tà wọ́n fún ẹni tó tà wọ́n fún un. Èkan tún hù sórí ilẹ̀ náà.