Lẹ́tà Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

"Monday," ni aránṣọ náà wí, ó ń fi kànrìnkàn ọlọ́ṣẹ fọ ọrùn ìyá rẹ̀. "Tuesday." Màámi jókòó sórí àpótí onígi ní bálùwẹ̀, wọ́n ń wo omi tó ń ṣàn lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ó ti sọ ọ́ lórí fóònù: bí Màámi bá ṣì mọ ọmọ tó ń tọ́jú wọn, kí wọ́n máa gbélé. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n mọ́, ilé ìtọ́jú arúgbó ló kàn. Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Àdúrà aránṣọ ni pé bí Màámi bá wo ẹ̀yìn, kí wọ́n bá òun níbẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi gbé ẹ̀kọ́ àtijọ́ dé. Tíṣà ọmọ kéékèèké ni Màámi nígbà kan, aránṣọ sì wà ní kíláàsì wọn. Bí kíláàsì bá ń ka orúkọ ọjọ́, tí wọ́n kan lẹ́tà tí kì í sọ̀rọ̀, bíi d inú Wednesday tí a ń kọ ṣùgbọ́n tí a kì í pè, gbogbo wọn á fi ìka kan tábìlì, kó! "Ó dákẹ́ ni o," Màámi á ní, "kò jáde nílé." Títí dòní, bí aránṣọ bá ń kọ Wednesday sára aṣọ oníbàárà pé ọjọ́ yẹn ni wọn á wá gbà á, ìka rẹ̀ á kan ẹ̀rọ ìránṣọ fúnra rẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ á sì bú sẹ́rìn-ín.

"Wed..." Ó dúró.

Ọwọ́ Màámi gbéra. Ìka kan ṣoṣo kan etí àpótí: kó.

Kànrìnkàn bọ́ sílẹ̀. Ẹkún àti ẹ̀rín gbá aránṣọ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ̀gbọ́n máa bọ̀, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i! Ó tún un kà láti Monday. Ìka tún kan igi.

Màámi yíjú sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó rí ọmọ tó gba gbogbo máàkì.

"Ẹ mọ̀wé gan-an. Ta ló kọ́ yín?"

Aránṣọ mú kànrìnkàn nílẹ̀. "Ìyá mi ni, mà."

"Wọ́n kọ́ yín dáadáa." Màámi nawọ́ gba aṣọ ìnura. "Ẹ bá mi kí wọn o."

"Màá kí wọn."

Ó nu ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ gbẹ, ó wọṣọ fún wọn, ó bá wọn de bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá lọ, ó gbé báàgì wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn sínú rẹ̀.