Baba Ẹlẹ́ṣin Gun Àgbá

Láyé ìgbà tí sinimá káúbọ́ì gbòde, kò sí ọmọ tí kò mọ Baba Ẹlẹ́ṣin. Òun ló máa ń ṣe ọlọ́pàá ìlú kékeré tó ń fi ẹṣin lé àwọn olè wọ aṣálẹ̀, tí fìlà rẹ̀ kì í sì í jábọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń ṣe olè. Ọ̀rẹ́ yìí kò jí abẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, àwọn obìnrin á rọra di báàgì wọn mú. Baba Olè ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bí Baba Ẹlẹ́ṣin bá yìnbọn pa á tán nínú sinimá, àwọn méjèèjì á jọ lọ fọ ẹṣin nírọ̀lẹ́.

Ìgbà yí padà. Sinimá ọkọ̀ òfuurufú àti ti ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ni aráyé wá ń fẹ́. Wọ́n ta àwọn ẹṣin náà, wọ́n kọ́lé sórí pápá tí wọ́n ti ń sáré. Baba Ẹlẹ́ṣin di ẹni tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Bó bá sùn lọ lórí àga, itan rẹ̀ méjèèjì á máa fún nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mọ́ra.

Lọ́jọ́ kan, olùdarí sinimá kan pè é lórí fóònù. Obìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ baba lọ.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo ti máa ń jókòó wo sinimá yín. A fẹ́ ṣe káúbọ́ì kan, ti ọlọ́pàá tó ti darúgbó, tó fẹ́ gun ẹṣin rẹ̀ kúrò nílùú torí pé ìlú ò dá a mọ̀ mọ́."

"Ṣé ẹṣin wà?" Ohun kan ṣoṣo tí baba béèrè nìyẹn.

"Ẹṣin á wà, sà."

Ọmọ rẹ̀ ò fẹ́. "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́, pé ẹni tó gẹṣin, bó pẹ́ bó yá, ilẹ̀ ló ń bọ̀."

"Mo ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ọmọ mi," ni baba fi dá a lóhùn. Ọmọ bá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá wa ọkọ̀ gbé e lọ.

Inú yàrá ńlá kan ni wọ́n bá ara wọn, tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé bo ògiri àti ilẹ̀ rẹ̀. Baba Olè ti débẹ̀ ṣáájú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò ríran dáadáa mọ́, òun ni wọ́n fẹ́ kó ṣe ọ̀tá àtijọ́ tó wá dágbére. Láàárín yàrá, àgbá kan wà lórí irin, wọ́n di gàárì àti ìjánu mọ́ ọn.

"Ẹṣin dà?" ni Baba Ẹlẹ́ṣin béèrè.

Olùdarí tọ́ka sí kọ̀ǹpútà. "Inú ibẹ̀ ló wà, sà. Ẹ ó jókòó sórí àgbá, tó bá yá, àwa á ya ẹṣin sábẹ́ yín, aṣálẹ̀ á sì rọ́pò aṣọ yìí. Kò lè gbé yín ṣubú."

Baba wo àgbá náà títí. "Ẹṣin tí kò lè gbéni ṣubú," ló wí níkẹyìn, "kí lèèyàn fẹ́ bá a sọ?"

Síbẹ̀, wọ́n gbé e gùn ún. Fáànù ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn baba le gbagidi. Ó di ìjánu mú bí ẹni di okùn aṣọ mú, ojú rẹ̀ ò sì ríbi gbé sí. Wọ́n ṣe é, wọ́n tún un ṣe. Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà, baba sì gbọ́.

"Ẹ má bínú," ó wí. "Mi ò mọ ibi tí etí rẹ̀ wà ni."

Baba Olè bá dìde. Ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà títí ó fi dé iwájú àgbá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni fọwọ́ kan iwájú orí ẹran. Ó fẹ́ ètè pìrìrì, bí ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi tán. Ó wá ń fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Etí rẹ̀ nìyí. Ọ̀tún ló ń yí i sí."

"Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá o. Ó fẹ́ sáré. Ìwọ lo dá a dúró."

Ẹ̀yìn baba dẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ kọjá aṣọ ara ògiri, ó lọ jìnnà réré. Baba Olè ń lu ilẹ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. Olùdarí dìde dúró láìmọ̀ pé òun dìde.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, olùdarí gbé àwòrán náà wá fi han baba: ẹṣin dúdú tí irun rẹ̀ ń dán ló wà lábẹ́ rẹ̀, aṣálẹ̀ sì lọ súà níwájú wọn.

"Ó rẹwà," ni baba wí. "Ta ló ń fọ̀ ọ́?"

Olùdarí gbé àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nawọ́ sí i.

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀ yín kalẹ̀, sà."

Baba ò mira. "Ṣé ẹ ti pa kámẹ́rà?"

"A ti pa á, sà."

Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ṣé ó rẹ̀ ọ́?"

"Ó rẹ̀ mí."

"Ká kàn dé orí òkè yẹn péré."

Baba Olè nu ojú, ó tún gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àgbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀. Ọmọ baba dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wù bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, kò pè é. Olùdarí rìn lọ síbi fáànù, ó tún tàn án.