Bébà Tí Kò Ní Orúkọ

Ẹ̀yin olùkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí, tó sì jẹ́ kí ojú wa ṣì ríran kàwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn aránṣọ kan fún yín, àti ti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tó sin ín.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni Bàbá Aránṣọ nígbà tó sùn nínú Olúwa. Ọgọ́ta ọdún ló fi jókòó sídìí maṣíìnì kan náà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tó dàgbà ní ìlú kékeré yẹn tí kò wọ aṣọ rẹ̀ rí: yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ni o, kóòtù ìgbéyàwó ni o, ẹ̀wù àwọn akọrin ni o. Bí oníbàárà bá ti dé lẹ́ẹ̀kan, Bàbá á gé ìwọ̀n ara rẹ̀ sórí bébà líle, á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, á fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Àwọn míì ti kú láti ogún ọdún, bébà wọn ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ mẹ́rin tó bí nìkan ni kò ní bébà.

"Inú orí mi ni tiyín wà," ló máa ń wí. "Ṣé èèyàn máa ń kọ orúkọ ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ kó má baà gbàgbé ni?"

Ohun tó jẹ́ kí ọkàn ọmọ rẹ̀ àgbà dà rú nìyẹn. Gbogbo ìlú ń pe obìnrin náà ní Tíṣà nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta sì ni. Òun ni wọ́n ní kó ka ìtàn ìgbésí ayé Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Ní ọjọ́ Túsìdeè, ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ wá fọ́tò. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ló ti rí àpótí kan. Bébà tó lé ní ọgbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ni gbogbo wọn. Èyí tó kéré jù jẹ́ ti ọmọ ọdún méjì. Èyí tó tóbi jù jẹ́ ti àgbàlagbà obìnrin, Bàbá sì kọ ọdún tó kọjá sí i. Lára gbogbo wọn, èjìká òsì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Kò sí orúkọ lára ìkankan.

Ó tún wo èyí tó kéré jù. Ọdún tí òun fúnra rẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì ni Bàbá kọ síbẹ̀.

"Háà, Bàbá!" ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Ẹ lọ bímọ síta, ọmọ tó bá mi dọ́gba!"

Nínú ìwé tó ti kọ, ó wà níbẹ̀ gedegbe: aya kan, ọmọ mẹ́rin, ọkùnrin olóòótọ́. Báwo ló ṣe máa dúró níwájú pẹpẹ purọ́? Bí kò bá sì purọ́, ojú wo ni Màmá máa fi wo àwọn èèyàn?

Ó lọ bá Ọ̀gá Bọ́tìnnì. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé ogójì ọdún ló ti ń bá Bàbá gán bọ́tìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni àwọn bébà yìí?"

Ọkùnrin náà wo bébà, ó wo Tíṣà, ó sì kó bọ́tìnnì mẹ́ta sẹ́nu bí ẹni tí iṣẹ́ ká mọ́.

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n ìdí gbogbo ìlú yìí!"

Ó tu bọ́tìnnì sọ́wọ́. "Àǹtí Tíṣà, ọ̀gá mi ní kí n má sọ. Ó ti wá kú báyìí, ta ló máa yọ̀ǹda mi? Ẹ bi Màmá."

Ta ló lè bi opó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Tíṣà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo èjìká. Obìnrin yòówù tó bá wá kí wọn ní Ọjọ́rú, kí ó tó jókòó, Tíṣà ti wò ó láti ọ̀tún dé òsì.

Ìyá akọrin kan ò lè mú un mọ́ra. "Tíṣà, ṣé kòkòrò wà lára mi ni?"

Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin tó ń ta òwú fún Bàbá dé, ó ń sunkún ju àwọn ọmọ òkú lọ. Báàgì ńlá ló gbé kọ́ apá òsì, èjìká náà sì wọ́ sílẹ̀. Tíṣà fà á wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mẹ́tàléláàádọ́ta. Kí ló dé?"

"Ta ni bàbá yín?"

"Bàbá mi kẹ̀? Dẹ́rẹ́bà ni. Ó wà nílé, ó ń jẹun."

"Ṣó dá yín lójú?"

Olówùú sọ báàgì kalẹ̀. Èjìká rẹ̀ méjèèjì wá dọ́gba rẹ́gí. "Tíṣà, ìbànújẹ́ ló ń ṣe yín, ni mi ò fi ní fèsì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún bú ìyá mi lẹ́ẹ̀kan sí i, a jọ máa dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ ni."

Màmá ti gbọ́ láti yàrá. "Ìwọ, wọlé wá. Ti ilẹ̀kùn."

Tíṣà wọlé, ó kó bébà náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá ń ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá irọ́ tó máa pa.

"Bọ́ ẹ̀wù ẹ."

"Màmá?"

"Mo ní kó o bọ́ ọ. Ṣebí èmi ni mo bí ẹ."

Ó bọ́ ọ. Màmá gbé bébà tó tóbi jù lé e léjìká, ó sì ṣe wẹ́kú. Ó wá yí inú ẹ̀wù náà síta, ó fi tìmùtìmù kékeré tí Bàbá rán mọ́ èjìká òsì hàn án.

"Ọmọ ọdún méjì ni ẹ́. Ó gbé ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ, ó yíjú pé kóun mú sísọ́ọ̀sì, lo bá já bọ́. Egungun èjìká ẹ jinná, àmọ́ kò jinná dáadáa. Ó ní òun lòun fà á, ẹnikẹ́ni ò ní fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ gan-an ò sì ní mọ̀."

Tíṣà fọwọ́ kan èjìká òsì rẹ̀. Ó ti ń wo dígí láti kékeré, ṣùgbọ́n aṣọ ló máa ń wò.

"Mo ti ra aṣọ rí, Màmá. Ó máa ń yọ̀ léjìká."

"Kí lo wá sọ?"

"Pé aṣọ rírà ò dáa. Pé àwọn tó rán an ò mọṣẹ́."

"Gbogbo ilé yìí la jọ gbà bẹ́ẹ̀!" Màmá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Kí ló dé tí kò kọ orúkọ mi sí i?"

"Bó bá kọ ọ́, ṣé o ò ní kà á ni?"

Tíṣà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ló lọ sílé olówùú lọ bẹ òun náà. Ní Jímọ̀, Ọ̀gá Bọ́tìnnì ń parí ẹ̀wù tí Tíṣà máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ṣé kí n fi tìmùtìmù sí i?"

"Ẹ má fi sí i."

"Àwọn èèyàn á wò yín o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò."

Ní Sátidé, ó dúró níwájú ìjọ, èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ kedere. Ó ka ọgọ́ta ọdún ìdí maṣíìnì, ó ka ọmọ mẹ́rin, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tábìlì àti ti àpótí. Àwọn kan ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Olówùú ò tiẹ̀ rọra sọ tirẹ̀ rárá:

"Ẹni tó ń yẹ èjìká gbogbo wa wò láti Ọjọ́rú rèé o!"

Ẹ̀rín sọ nínú ìjọ, pásítọ̀ gan-an fi ìwé orin bojú. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó nu omijé ojú rẹ̀, ó sì ka ìwé Bàbá dé òpin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn yìí, kí Ọlọ́run wẹ ọkàn yín mọ́ kúrò nínú ìfura tí kò nídìí. Kó má jẹ́ kẹ́ ẹ fẹ̀sùn kan ẹni tó fẹ́ràn yín lẹ́yìn tí kò lè fèsì mọ́. Kó fún yín ní ẹ̀mí gígùn, àti ọwọ́ tó ń fi ìfẹ́ bo àléébù ẹlòmíì. Àmín.