Ìfági Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ilẹ̀kùn há. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ dúró síta, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó Káfíńtà wà nínú ilé, ó ń fi èjìká tì í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá mi fà á lọ́dọ̀ yín o! Ọ̀gá yín ní òun á tún un ṣe ní Sátidé. Sátidé wo ni kì í sọ bẹ́ẹ̀! Ilé káfíńtà ni ilẹ̀kùn ti ń há."

Wọn kò bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀kùn já gbà, tó rí i pé wọ́n ṣí fìlà dání, ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a sọ ọ̀rọ̀ náà. Ará àdúgbò ní ọkọ rẹ̀ ti lọ sinmi. Àlùfáà ní Olúwa ló pè é. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó máa ń ní, "Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí," á sì dákẹ́ síbẹ̀.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin wá bá a gbé. Ẹyínfúnjowó ló ń pè é láti ìgbà tó ti wọ ilé wọn ní ìyàwó. Ọwọ́ Ẹyínfúnjowó kì í sinmi. Kí àwọn tó ń wá kí wọn lè ríbi jókòó, ó kó gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò ní pálọ̀, ó tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, tó wà níta, nítòsí ojú ọ̀nà. Ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ni pé olóògbé fúnra rẹ̀ ti pe káńsù, kí ọlọ́jọ́ tó dé, pé kí wọ́n wá gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà dànù.

Káńsù tí iná òpópónà á kú tí wọn kò ní yọjú, tí ẹ̀rọ omi á bàjẹ́ tí wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, káńsù yìí kan náà ni kò yẹ àdéhùn lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyàwó Káfíńtà ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn káńsù, níbi tí wọ́n ti ń bá a wo ẹ̀jẹ̀ ríru, nígbà tí ọkọ̀ akólẹ̀ kọjá lára rẹ̀. Ó rí kọ́bọ́ọ̀dù wọn lórí rẹ̀, ó ní ó kúkú ti gbó. Ó wọlé.

"Ẹyínfúnjowó, wọ́n ti bá wa gbé kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lọ o."

Àwo bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́. "Kọ́bọ́ọ̀dù wo?"

"Mélòó la ní?"

"Ìyàwó wa, mo gbé! Irinṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá mi wà nínú ẹ̀!"

"Ìfági ńkọ́?"

"Òun ni mo kọ́kọ́ kó síbẹ̀."

Ìfági náà ni ọkọ rẹ̀ fi ń fá igi títí igi á fi dán. Ó ti lò ó pẹ́ débi pé àtàǹpàkò rẹ̀ ti jẹ kòtò sára ibi ìdìmú. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ìyàwó kò tíì lè fọwọ́ kan kòtò yẹn. Ó ń dúró de ọjọ́ tí ara rẹ̀ yóò gbà á.

Wọ́n sáré wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ààtàn káńsù. Gbogbo ẹni tó ń gbé àdúgbò ló mọ̀ pé bí ọ̀sán bá ti ń rọ̀, ẹ̀rọ ààtàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ohun tó wọlé lọ́jọ́ náà, kò sì ní ṣẹ́kù.

"Dẹ́rẹ́bà," ni Ẹyínfúnjowó wí bí ọkọ̀ ṣe ń rìn bí ìgbín, "ṣé ẹyin lẹ kó ni?"

"Èèyàn ni mo kó, Màmá. Èèyàn kì í fọ́ kí wọ́n tún ra òmíràn."

Ní ẹnu géètì, ọkùnrin kan tó so fèrè mọ́rùn na ọwọ́. "Káàdì káńsù."

Ìyàwó Káfíńtà mú un jáde. Ọkùnrin náà wo fọ́tò, ó wo ojú rẹ̀.

"Ọkùnrin ló wà níbí."

"Ọkọ mi ni."

"Kí òun wá. Ẹni tó ni káàdì ló ń wọlé."

"Kò lè wá."

"Kó wá lọ́la, nígbà náà."

"Ọ̀gá," ni Ẹyínfúnjowó ké, "ẹ ò tiẹ̀ láàánú!"

"Wọn ò gbà mí síbí láti ṣàánú. Géètì ni wọ́n ní kí n ṣọ́."

Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ bú ramúramù, ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹyínfúnjowó la ẹnu láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọkọ mi ti kú," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ó kú. Àṣìṣe la fi kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ohun tí ẹ gbé wọlé. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọkùnrin náà yíjú sí ibi tí ẹ̀rọ wà. Ó ti fèrè bọ ẹnu, ó fọn ọ́n. Apá ẹ̀rọ dúró lófuurufú pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì kan lẹ́nu rẹ̀.

"Kíá! Ọ̀gá mi ò gbọdọ̀ bá yín níbẹ̀."

Kọ́bọ́ọ̀dù ti dojú bolẹ̀, ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n rí ayùn, ó ti tẹ̀. Wọn kò rí òòlù. Ẹyínfúnjowó kúnlẹ̀ sáàárín pàǹtí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Èmi ni mo fà á. Ọwọ́ mi yìí náà ni."

"Fi ọwọ́ yẹn náà wá a."

Abẹ́ pákó tó kẹ́yìn ni ìfági wà. Etí rẹ̀ kan ti kán, ṣùgbọ́n kòtò àtàǹpàkò wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ti ń jáde, onígéètì dábùú ọ̀nà. "Ohun tó bá ti wọ ibí, ti káńsù ni. Kì í jáde mọ́."

Ìyàwó gbá ìfági mọ́ àyà. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì yẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó pẹ́, ó wá kọjú sí ògiri.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Èmi ò rí ẹnì kankan níbí."

Nígbà tí wọ́n délé, ilẹ̀kùn há gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló fi èjìká tì í kó tó gbà. Ẹyínfúnjowó fẹ́ lọ gbé omi kaná, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Dúró. Bá mi di ilẹ̀kùn yìí mú."

Ó ti àtàǹpàkò bọ inú kòtò náà. Ó tóbi jù fún un. Ó ti ìfági síwájú létí ilẹ̀kùn, irin há sínú igi, kò lọ. Ó rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: ẹ má bá igi jà, ibi tí ara igi ń lọ ni kẹ́ ẹ bá a lọ. Ó yí i padà. Èyí tó tẹ̀lé e já gaara, èèpá igi ká, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ Ẹyínfúnjowó.

Ó ń fá a lọ bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ti ilẹ̀kùn tí kò há. Ó ṣí i. Ó tún rọra tì í.