Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Ilé Nanneng

Nanneng kò sunkún lọ́jọ́ tí Haji Patola lé e. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ di báyìí. Ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ikú Wahe ọkọ rẹ̀ ni. Ilé kún. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní nínú yàrá iwájú, àwọn obìnrin ń bu ọbẹ̀ ní ilé ìdáná, àdúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ni Haji Patola, ẹ̀gbọ́n olóògbé, bá gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀, ó nu irùngbọ̀n, ó ní kí àwọn àgbà fetí sí òun.

“Ilẹ̀ tí ilé yìí dúró lé, ilẹ̀ bàbá mi ni,” ó wí. “Wahe kò bímọ. Tí obìnrin yìí bá ti parí opó rẹ̀, kó kó ohunkóhun tó bá jẹ́ tirẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ mi. Mi ò ní dí i lọ́wọ́. Kó kó gbogbo rẹ̀, kó má ṣẹ́ abẹ́rẹ́ kù.”

Ẹnì kan rọra sọ pé, “Haji, ẹ jẹ́ ká jẹun tán ná.”

“Ṣé irọ́ ni mo pa ni? Adìẹ tí kò yé rí, ṣé òun náà ló máa jogún àgọ́ adìẹ?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà pa wọ́n lẹ́rìn-ín o. Haji ló ni ẹ̀rọ tí gbogbo abúlé wa, Lapawuno, fi ń bó ìrẹsì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí àpò tirẹ̀ kẹ́yìn lórí ìlà. Nanneng dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìgbakọ ń kán ọbẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà nílé ọkọ, inú ìkòkò rẹ̀ sì ni Haji ti ń jẹun ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó wo ẹnu àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní:

“Mo gbọ́ yín, Haji. Ẹ̀yin àgbà náà, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n kó gbogbo ohun tó jẹ́ tèmi.”

“A gbọ́,” ni Bàbá Sulo dáhùn. Bàbá arúgbó kan ni, òun ló máa ń ṣíwájú bí wọ́n bá fẹ́ gbé ilé lábúlé wa.

Haji rò pé ìkòkò àti òfì ìhunṣọ ni obìnrin náà ní lọ́kàn. Ó bu ẹran sí i.

Ilé tiwa kì í ri ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí òkúta ni òpó rẹ̀ ń dúró lé, àkàsọ̀ la fi ń gun ún. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnì kan, kí ilé orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Lapawuno. Bó bá sì wu onílé kó kúrò, àwọn ọkùnrin á ti èjìká bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e lódindi. Nanneng ló ra gbogbo pákó ilé yẹn. Láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá ló ti ń hun aṣọ ṣẹ́dà, òpó kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ ilé náà ló sì lè tọ́ka sí pé aṣọ báyìí ni mo tà fi rà á. Wahe ló kàn án, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ igi dáadáa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí àìsàn kì í fi bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀. Haji kò mú ìṣó kan wá.

Haji náà mọ̀ pé obìnrin lè gbé ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó wò ó pé kò lọ́mọ, kò lárákùnrin, ta ni yóò bá a gbé e, ibo ni wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ? Ó ti gbàgbé oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá Nanneng, ní ìkọjá pápá ìrẹsì, lẹ́bàá odò.

Nígbà tí opó parí, Bàbá Sulo wá sábẹ́ ilé, ó gbójú sókè.

“Ọmọ mi, ṣé ó yá?”

“Kò tíì yá, Bàbá.”

“Kí lò ń dúró dè?”

“Ẹ ṣì fún mi láyè díẹ̀.”

Òun pàápàá kò tíì mọ ohun tó ń dúró dè, àfi ìgbà tí Rusdi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àbíkẹ́yìn Haji ni Rusdi. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì lè so ṣòkòtò, Nanneng ló sì wò ó dàgbà. Ó ti dọ̀dọ́kùnrin, ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú kó gun àkàsọ̀ wá láìkágò, kó ṣí ìkòkò. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ń jẹ ẹja díndín, tó sọ pé bàbá òun ti bá òun tọrọ ọmọ kan ní ìlú Pallengu, ọmọ ilé ńlá. Àwọn ará ibẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lórí sompa, ìyẹn ilẹ̀ tàbí ilé tí ọkọ gbọ́dọ̀ fi jíǹkí ìyàwó. Wọ́n ní àwọn máa fojú ara àwọn rí i.

“Kí wá ni bàbá rẹ fẹ́ fi ṣe sompa?” Nanneng bi í.

“Ilé ni, Ìyá Kékeré. Ilé àti ilẹ̀ rẹ̀.”

“Ilé wo?”

Ó gbé ẹja náà padà sínú àwo. “Ilé yìí. Kí ẹ tó parí opó ni Bàbá ti ṣèlérí rẹ̀, ó ní ẹ máa ti kó lọ.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?”

“Kí ni mo lè sọ fún Bàbá?”

Nanneng fa àwo ẹja sún mọ́ ọn. “Máa jẹun. Kí egungun má há ọ lọ́fun kí ìyàwó tó dé.” Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Pé Haji gba ilé lọ́wọ́ opó, ó lè gbé ìyẹn mì. Pé ó ti fi ilé náà ṣe ẹ̀bùn ìyàwó kí opó tó tú irun, ìyẹn kò gba ọ̀nà ọ̀fun. Àti pé ọmọ tí òun fi ẹ̀yìn pọ̀n jókòó síwájú òun, tó ń jẹ ẹja òun, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ! Ó fi ìyẹn náà pa mọ́.

Ó lọ bá Bàbá Sulo. Ó ní ó ti yá, ọjọ́ Jímọ̀ tí àlejò Haji ń bọ̀.

“Ọjọ́ yẹn gan-an?”

“Ọjọ́ yẹn gan-an, Bàbá.”

Bàbá Sulo wò ó títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó di ikọ́. “Nanneng, o mà burú o.”

“Haji ló kọ́ mi.”

“Nígbà tí a gbé ilé tèmi, kò wá, sìgá ló fi ránṣẹ́. Sìgá! Bí ẹni pé sìgá ló ní èjìká.” Bàbá náà tu itọ́ sílẹ̀. “Mo máa pè wọ́n.”

Láti ọjọ́ náà ni Nanneng ti ń fọ ilé. Ó fọ ilẹ̀ pákó títí ó fi ń dán, ó kun fèrèsé ní ọ̀dà aró tuntun. Haji ń kọjá lọ lórí alùpùpù rẹ̀, ó rí i, ó dúró.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. O mọ inú rò. O fẹ́ fi í sílẹ̀ ní mímọ́.”

“Mo gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, Haji.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Abúlé wa mà kéré.”

“Kó tó di Jímọ̀ náà, kí o ti kó lọ.”

“Ṣé ohun tó jẹ́ tèmi nìkan ni kí n kó?”

“Kí ni màá fi tìrẹ ṣe? Kó o, jàre!”

Ó ṣáná sí alùpùpù. Nanneng tẹ búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ èyíkéyìí lọ láti ìgbà tí Wahe ti kú.

Nígbà tí Jímọ̀ pé, Haji gba ọkọ̀ láàárọ̀, ó lọ kó àwọn àna rẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ wọn lòun ti máa kírun. Bí imáàmù wa ti sálámà tán, Bàbá Sulo dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ké sí wọn. Ní Lapawuno, wọn kì í ké sí ọkùnrin pé wá gbé ilé, kó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Wọ́n jáde wá, wọ́n ká ìró tí ọkùnrin ń ró níbí sókè, wọ́n so ọparun mọ́ òpó nínú àti lóde. Àwọn obìnrin ti se barongko, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú ewé, ó kún agbọ̀n mẹ́ta.

Rusdi dé nínú ẹ̀wù tuntun àti fìlà dúdú. Ó wá ṣí ilé fún àlejò ni. Nígbà tó rí ọparun, ó sáré bá Nanneng.

“Ìyá Kékeré, ẹ dákun. Kó di ọ̀la.”

“Bó o bá fẹ́ dá wọn dúró, dá wọn dúró. Wọ́n wà níwájú rẹ.”

Kò dá wọn dúró. Ó ní, “Kí ni mo fi ṣe yín?”

“Bàbá rẹ ni mo ta ọfà sí,” Nanneng dáhùn. “Ìwọ lo lọ dúró síwájú rẹ̀, o sì panu mọ́.”

Bàbá Sulo figbe ta, gbogbo èjìká dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ilé sì gbéra. Ó ké kíkan, ó mì tìtì, òkúta tí òpó rẹ̀ ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí rí oòrùn. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí alákàn ńlá, páànù ń dán lórí rẹ̀. Nanneng ń tẹ̀ lé e, ó gbé agbọ̀n barongko kan lérí.

Láti dé pápá ìrẹsì, ilé gbọ́dọ̀ kọjá lójú títì. Àárín títì gan-an ló wà nígbà tí ọkọ̀ àlejò yọ. Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ìyá àgbà kan sọ̀kalẹ̀, Hajja Kamba, àǹtí ìyàwó, òun ló ṣíwájú àwọn tó wá wo sompa. Ó pàtẹ́wọ́.

“Ilé tó rẹwà báyìí! Oríire ni kéèyàn pàdé ilé lọ́nà. Ta ló ni ín?”

Nanneng sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. “Tèmi ni, Màmá. Ẹ káàbọ̀.”

“Níbo lẹ ti ń gbé e bọ̀?”

“Orí ilẹ̀ Haji Patola ni. Òun ló ní kí n kó tèmi kúrò kí àwọn àna òun tó dé.”

Hajja Kamba yíjú padà, kò yára. Haji ṣì wà níjókòó iwájú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, kò ṣí i.

“Haji, ilé wo lẹ ní ká wá wò?”

Láti ibi tí wọ́n dúró, wọ́n ń wo àárín igi àgbọn níbi tí ilé ti kúrò: òkúta, ìgbẹ́ adìẹ, àti àwọn adìẹ fúnra wọn tí wọ́n ń rìn yípo, tí wọn ò mọ ibi tí òrùlé gbà lọ.

“Ṣé èyí ni?” Hajja Kamba bèèrè. “Ilé yẹn mà dáa o. Kò ní jò láéláé.”

Ẹ̀rín bú lábẹ́ ilé. Àwọn tó gbé e ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí fèrèsé fi ń mì jìgìjìgì.

“Ẹ má rẹ́rìn-ín!” Bàbá Sulo pariwo. “Ẹ ó jẹ́ kí ilé já bọ́ o!”

Haji wá bẹ́ sílẹ̀. “Ẹ gbé e padà! Ẹ gbé e padà sí àyè rẹ̀! Kò sẹ́ni tó máa bó ìrẹsì ní ẹ̀rọ mi mọ́ nínú yín!”

“Haji,” ni Bàbá Sulo wí, “ẹ kúrò lọ́nà. Ilé ń bọ̀.”

Ó kúrò lọ́nà. Níwájú àwọn àna rẹ̀, níwájú gbogbo abúlé, ó bẹ́ sínú kòtò etí títì kí ilé opó lè kọjá. Nanneng wò ó ní àwòtẹ́lọ́rùn. Ó ti rò pé àánú rẹ̀ á ṣe òun díẹ̀ bí ó bá rí i bẹ́ẹ̀. Kò ṣe é. Ó dùn mọ́ ọn dé egungun. Ó gbé agbọ̀n, ó yíjú sí Hajja Kamba.

“Màmá, àlejò kì í pàdé ilé lọ́nà kó má jẹ barongko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé wa.”

Wọ́n tẹ̀ lé e. Inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti jẹun, nígbà tí ilé ti jókòó tán sórí òkúta tuntun. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ. Wọn kò yà nílé Haji.

Ìgbéyàwó náà forí ṣánpọ́n. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin náà ti di ìyàwó ẹlòmíràn. Rusdi kò bá bàbá rẹ̀ jà, kò sì wá sọ́dọ̀ Nanneng. Ó bá àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Sabah lókè òkun wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ ń kọ ẹyìn níbẹ̀. Haji gbìyànjú láti lé àwọn èèyàn lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò bó ìrẹsì kò bọ́ ẹni tó ni ín, kò pẹ́ tó fi ṣí i padà.

Nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, tí kálukú ń lọ kí kálukú láti tọrọ ìdáríjì, Haji Patola wá dúró nídìí àkàsọ̀ Nanneng. Ó ti gbó. Nanneng wà lókè nídìí òfì, kò dìde.

“Mo wá kí ọ,” Haji wí. “Kí a dárí ji ara wa.”

“Ẹ ṣeun, Haji.”

Ó dúró de gbólóhùn kejì. Ẹni tí àlejò bá kí lọ́jọ́ ọdún, ó gbọ́dọ̀ ní kó gòkè wá. Nanneng gbé kọfí sọ̀kalẹ̀ fún un, ó fi lé e lọ́wọ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó padà gòkè. Haji mu ún ní ìdúró, ewúrẹ́ kan ń fi imú tú ìró rẹ̀.

“Rusdi ránṣẹ́,” ó wí nígbà tó yá. “Ó ní kí n kí ọ.”

Ọwọ́ Nanneng dúró lórí òwú. “Ṣé kò sọ nǹkan mìíràn?”

“Kò sọ nǹkan mìíràn. Ìwọ nìkan ló ní kí n kí. Kò kí èmi.”

Ó gbé ife sórí àkàsọ̀, ó sì lọ. Aládùúgbò kan tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ọgbà rẹ̀ wá bi Nanneng léèrè bóyá kò kábàámọ̀ báyìí, nígbà tó rí bí àgbà ọkùnrin yẹn ṣe lọ.

“Ti Haji?” Nanneng ní. “Bí ọ̀la bá jẹ́ Jímọ̀, màá tún gbé e.” Ó na òwú kan tó já, ó ń wá orí rẹ̀. “Ti Rusdi, ìwọ kọ́ ni yóò bi mí. Kí òun fúnra rẹ̀ gun àkàsọ̀ yìí wá bi mí.”