Tówẹ̀lì Tó Ń Ta Sánsán

"Gbé tówẹ̀lì ọmọ mi sílẹ̀! Mo ní kó o gbé e sílẹ̀! Ṣé o tún fẹ́ fi làpálàpá ọrùn rẹ kún èyí tó wà lára rẹ̀ ni?"

Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ ni Alágbàfọ̀ ti ń pariwo báyìí, níṣojú gbogbo ayé. Adúmáradán, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń bá wí. Adúmáradán ti bá a wẹ àbíkẹ́yìn rẹ̀ tán, ó gbé ọmọ náà lé itan, ó fẹ́ nu omi ara rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn ọmọ náà ló ti sú, ó pọ́n, ó ń yún un, ẹkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rójú nínú ilé.

Irun ni Adúmáradán ń dì. Abẹ́ ibòòji ìsọ̀ yìí náà ló ń jókòó sí, òun àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lò ó. Oníbàárà kan tí ó ti di ìdajì orí rẹ̀ gbọ́ "làpálàpá", ó fọwọ́ kan orí fìrí.

"Làpálàpá kẹ̀? Lára ẹni tó ń dirun fún mi?"

"Ẹ ní kó ṣí ọrùn rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó!" ni Alágbàfọ̀ dáhùn.

"Ìyàwó mi," ni Adúmáradán wí wẹ́lẹ́, "ìpara tí wọ́n fi ń na irun ló jó mi níbẹ̀. Mo kúkú sọ fún yín nígbà yẹn."

"Ìyẹn lo sọ!"

Ó parí. Oníbàárà dìde pẹ̀lú irun ààbọ̀ lórí, ó ní òun ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú òun-ń-bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù níbẹ̀ ni pé Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọmọbìnrin yìí ní Adúmáradán. Nígbà tó wọlé ọkọ, tí kò lè pe orúkọ àbúrò ọkọ, ó wo àwọ̀ ara rẹ̀ tó dúdú tó ń dán bí ẹni tí wọ́n fi òróró pa, ó ní, "Adúmáradán ni tèmi o." Gbogbo àdúgbò bá a pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu kan náà ló tún fi pe ara yẹn ní ara làpálàpá.

Adúmáradán kó òòyà rẹ̀, ó gbé ìjókòó, ó sọdá sí òdìkejì títì, ó lọ jókòó sínú oòrùn. Kò sẹ́ni tó bá a débẹ̀. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ ti dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn tó gbọ́ ọ níbẹ̀ sì ti fi tiwọn kún un.

Alágbàfọ̀ wá dojú kọ tówẹ̀lì ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, obìnrin náà mọ aṣọ fọ̀, àbí kí n ní ó dá a lójú pé òun mọ̀ ọ́n. Ìkúnwọ́ ìkúnwọ́ ló ń bu ọṣẹ lúbúlúbú. Ọṣẹ tí kò bá hó dé ìgbọ̀nwọ́, kì í ṣe ọṣẹ lójú tirẹ̀. Tó bá wá kan omi ìkẹyìn, á da omi olóòórùn dídùn yẹn sí i, èyí tí wọ́n ní ó ń mú aṣọ rọ̀, kò sì ní ṣan aṣọ náà mọ́. "Kí n wá fi omi lásán gbé òórùn rẹ̀ lọ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ohun tó fi ń ṣe fáàrí láàárín àwọn alágbàfọ̀ yòókù nìyẹn, pé tówẹ̀lì tòun ń ta sánsán. Bí tówẹ̀lì bá sì gbẹ tán tó le gbagidi, á ní ọṣẹ ni kò tó.

Adúmáradán kò fọwọ́ kan ọmọ mọ́, ìyá rẹ̀ ń fọ tówẹ̀lì lójoojúmọ́, síbẹ̀ ara ọmọ túbọ̀ ń sú. Ó dé ọrùn, ó dé abíyá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà pin ín lẹ́mìí, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ní làpálàpá ló ràn mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn ọmọ, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Kí lẹ fi ń nù ún, mà?"

Tayọ̀tayọ̀ ni Alágbàfọ̀ fa tówẹ̀lì yọ nínú báàgì. "Òun nìyí. Ó mọ́ tónítóní. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò."

Nọ́ọ̀sì gbóòórùn rẹ̀, ó sín. Ó bu omi tó mọ́ sínú abọ́, ó ri tówẹ̀lì bọ̀ ọ́, ó fún un. Ni omi bá hó! Ìfófó bo ojú abọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọṣẹ sí i.

"Ṣé aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ tán nìyí?"

Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ìfófó náà.

"Ọmọ yín ò ní làpálàpá kankan," ni nọ́ọ̀sì wí. "Awọ ara rẹ̀ ló gbẹgẹ́. Ọṣẹ àti omi olóòórùn tó kù sínú aṣọ yìí ló ń jẹ ẹ́ lára, òun náà ló sì jẹ́ kí aṣọ le. Ẹ dín ọṣẹ kù. Ẹ má da olóòórùn kankan sí i. Ẹ ṣan án títí omi á fi mọ́ gaara, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kẹ́ ẹ tó sá a, á rọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń nù ún, ẹ má ha á lára, ẹ kàn máa fi tẹ omi náà jẹ́jẹ́." Ó fún un ní ìpara, ó rẹ́rìn-ín. "Alágbàfọ̀ tó bá yín fọ̀ ọ́, ẹ bá mi bá a wí o."

"Màá bá a wí, mà," ni Alágbàfọ̀ dáhùn.

Ojú tì í. Ojú tì í débi pé ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ló gbà wọlé, kó má baà kọjá níwájú Adúmáradán. Ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé, ó rí i níbi tó jókòó sí, tó ń fi aṣọ nu òòyà tí kò bá ẹnikẹ́ni yarun. Ó nù ún tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, Alágbàfọ̀ yọ́ lọ bá a ní yàrá, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo bó ṣe rí.

"Ẹ dìde, mà," ni Adúmáradán wí. "Kò sí nǹkan kan."

Mà! Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, "ìyàwó mi" ni ọmọ yìí ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn ju èébú lọ.

"Adúmáradán, bú mi. Ó sàn kó o bú mi."

"Kí n bú yín kí ló ṣẹlẹ̀? Ìta gbangba lẹ ti sọ̀rọ̀, inú yàrá lẹ ti wá ń bẹ̀bẹ̀. Mo ti gbọ́. Àmọ́ àwọn tó ń sá fún ọwọ́ mi ò sí nínú yàrá yìí."

Alágbàfọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọkọ rẹ̀. "Tí mo bá sọ ọ́ síta pé ìfọṣọ mi ló ń sú ọmọ lára, ta ni á tún gbé aṣọ fún mi fọ̀? Ṣé kí n fọwọ́ ara mi ti ìsọ̀ pa ni?"

Ọkọ rẹ̀ ń bọ́ bàtà. Kò gbójú sókè. "Ìwọ lo kúkú ti ìsọ̀ àbúrò mi pa," ló sọ.

Nígbà tó di Sátidé, ìsọ̀ kún fún àwọn oníbàárà. Bí wọ́n ṣe ń gbé ìdì aṣọ wá ni wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Alágbàfọ̀ gbọn ìfófó ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gbé àpótí ìjókòó, ó sọdá títì. Ó dúró ti Adúmáradán, ó kọjú sí wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o! Àbúrò ọkọ mi ò ní làpálàpá. Kò ní in rí. Èmi ni mo ba ara ọmọ mi jẹ́. Mi ò kì í ṣan ọṣẹ kúrò nínú tówẹ̀lì, òórùn ni mò ń wá. Nọ́ọ̀sì ló là mí lójú. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Obìnrin kan sọ ìdì aṣọ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ dúró ná. Ẹ̀yìn ọkọ mi tó ń yún un, tó ń fi ara ha ògiri bí ewúrẹ́..."

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn wá, màá tún wọn ṣan."

"Ẹ ò ní ṣan nǹkan kan!" Obìnrin náà pòṣé, ó gbé ìdì aṣọ rẹ̀ rù, ó bá tirẹ̀ lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Alágbàfọ̀ ń wo aṣọ tó ń lọ, omi lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n kò pe ẹnikẹ́ni padà.

Ó gbé àpótí rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ Adúmáradán, ó tú gèlè, ó jókòó. Irun rẹ̀ rí wúruwùru. Àwọn tó kù ń wò wọ́n láti òdìkejì. Ó pẹ́ kí ohunkóhun tó kan orí rẹ̀, ó sì ti ń rò ó pé òun yóò tún dìde pẹ̀lú ìtìjú kejì, ká tó rí òòyà tó wọ inú irun rẹ̀.

"Ẹ tẹrí ba," ni Adúmáradán wí.

Alágbàfọ̀ tẹrí ba.